Yàrá Tí Ohùn Kò Ti Jáde Mọ́

Láràárọ̀, kí Kọ̀yà tó wẹ̀, kí ó tó fẹnu kan oúnjẹ, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé oníyàrá méjìlá tí wọ́n ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń sè. Ẹ̀kán ìtọ̀ mẹ́jọ ni, kò gbọdọ̀ pé mẹ́sàn-án. Yóò kán an sínú omi òògùn aláwọ̀ búlúù tí ó kún ṣíbí kékeré kan, nínú ìgò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un ní ọsibítù. Yóò ki ìgò náà bọ inú omi híhó lórí sítóòfù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì dúró tì í, aago ọwọ́ rẹ̀ ní iwájú ojú rẹ̀. Bí omi náà kò bá pàwọ̀ dà, kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, ṣúgà wà níbẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti pọ̀ jù. Kọ̀yà kọ èyí sí ojú ewé kìíní ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì tún un kọ sí ojú ewé tí ó kẹ́yìn, nítorí ojú ewé kìíní lè ya.

Ìwé mẹ́fà ni ó kà kí owó ilé ìwé tó tán, láti ìgbà náà ni ẹ̀rù àṣìṣe sì ti ń bà á. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá tí wọ́n ń tọ́jú ẹja yìnyín sí. Bí páálí ẹja bá wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kà á, bí ó bá sì ti kà á ẹ̀ẹ̀mejì tí iye rẹ̀ bára mu, yóò kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó lè mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe kan náà ni òun ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó bá dájú nìkan ni ó máa ń kọ sínú ìwé. Ohun tí kò bá dájú, kì í jẹ́ kí ó kan bébà rárá.

Morádéún ni ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Harriet, ìyàwó rẹ̀, bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ọdún kan ààbọ̀ ni àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀, irú èyí tí ó máa ń mú ọmọdé, tí kò ní ìwòsàn, tí a kàn ń fi abẹ́rẹ́ tì lójoojúmọ́ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìjì. Kọ̀yà fúnra rẹ̀ ni ó ń fún un lábẹ́rẹ́. Òun ni ó ń se síríńjì, òun ni ó ń wọn òògùn. Títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, omi búlúù sábà máa ń dúró ní búlúù, bí ó bá sì yí padà, àwọ̀ ewé kò kọjá.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù náà, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ rí dókítà. Dókítà Anayo ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ní Ìjọ́ra Bàdíà ni ó dàgbà sí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju àwọn mìíràn tí wọ́n bí sí i lọ. Bí ó bá ti tọ́jú aláìsàn tán, yàrá kan wà lẹ́yìn tí ó ń lọ, níbi tí ó ti ń gé ẹ̀yà ara màlúù tí wọ́n ń gbé wá fún un láti ilé ìpẹran sí pẹlẹbẹ, tí ó sì ń wò ó lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Kọ̀yà bi í léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Inú dókítà dùn, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí í bi í.

"Bàbá Morádéún, yàrá mélòó ni ó wà nínú ilé tí ẹ ń gbé?"

"Méjìlá, sà. Mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà."

"Bí ẹni tí ó wà ní yàrá kìíní bá húkọ́, ta ni yóò gbọ́?"

"Gbogbo wa ni, sà. A ó tiẹ̀ mọ irú ikọ́ tí ó jẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn àpòlúkù wa. Páńkíríà ni wọ́n ń pè é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kóra jọ bí ayàlégbé. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ti yàrá kìíní á ké sí gbogbo ara pé, 'Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gba ṣúgà wọlé.' Igbe yẹn ni ínsúlínì. Bí ebi bá wá ń pa èèyàn, àwọn ti yàrá kejì á ké sí ẹ̀dọ̀ pé, 'Kó ṣúgà tí ó wà nípamọ́ jáde.' Àwọn kẹta kò pọ̀. Ó jọ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa sọ fún àwọn méjèèjì pé, 'Ẹ rọra, ẹ rọra.'"

"Ti Morádéún wá ńkọ́, sà?"

"Yàrá kìíní ti dákẹ́. Ohùn tí à ń yá a ni ó wà nínú ìgò tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ wa."

Kọ̀yà kọ ọ́ sílẹ̀: yàrá kìíní ti dákẹ́.

"Ohun tí mò ń wò báyìí," ni dókítà fi kún un, "tí àwọn kan ní òkè òkun náà ń wò, ni bóyá yàrá kejì máa ń tẹ́tí sí yàrá kìíní. Ó jọ pé bí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́. Á máa ké sí ẹ̀dọ̀ ṣáá bí ẹni pé ìyàn mú, nígbà tí ṣúgà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì dá wa lójú tán."

Kọ̀yà ti gbé kálàmù lé bébà. Ó gbé e kúrò. "Ṣé kí n kọ ìyẹn, sà?"

"Ẹ jẹ́ kí ó dá wa lójú ná," ni dókítà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Kọ̀yà kò kọ ọ́.

Ìgò òògùn mẹ́rin ni wọ́n fún un lọ́jọ́ náà, dípò ẹyọ kan tí ó máa ń gbà. Ọkọ̀ ojú omi ti tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun tí wọ́n ń retí àyè ní èbúté Àpápá, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òògùn mìíràn yóò gúnlẹ̀. Ìgò náà kò ní páálí, kò ní ìwé àlàyé, nítorí inú páálí ńlá kan ni wọ́n ti pín in fún àwọn aláìsàn.

"Ẹ fi sí ibi tútù o," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Báwo ni tútù náà ṣe gbọ́dọ̀ tó, Nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ gbà mí o! Ṣé tútù náà tún ní kíláàsì ni, bàbá?"

Àwọn tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Kọ̀yà, kò sì béèrè mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tútù.

Ìkòkò amọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn tí yanrìn tútù wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgò òògùn ti ń gbé láti ọdún kan ààbọ̀, kò sì bàjẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ìgò mẹ́rin kì í ṣe ìgò kan. Kọ̀yà dùbúlẹ̀, ó ń ro ooru Ajégúnlẹ̀, ó ń ro páànù òrùlé tí kò ga, ó ń ro ọjọ́ tí Harriet lè gbàgbé láti bu omi wọ́n yanrìn. Ó wá rántí pé kò sí ibi tí ó tutù ní gbogbo Èkó bí ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́.

Sàídù ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá yìnyín. Ọ̀rẹ́ Kọ̀yà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Nígbà tí ó rí agolo mílíìkì tí Kọ̀yà gbé wá, tí ó fi òwú tútù tẹ́ inú rẹ̀, tí ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí lára, ó fọwọ́ lérán.

"Akọ̀wé, ṣé ẹja ló wá ń gba abẹ́rẹ́ báyìí?"

"Òògùn Morádéún ni. Wọ́n ní kó wà níbi tútù."

"Tútù tó wà ńbí, bí òkú bá wọ ibẹ̀, á béèrè aṣọ òtútù." Sàídù ṣí ilẹ̀kùn nípọnnípọn náà, èéfín òtútù sì yọ sí wọn. "Fi sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, láàárín àwọn kòtè. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án, ó di wàhálà èmi pẹ̀lú ẹ̀."

Kọ̀yà gbé agolo náà sí àárín páálí ẹja kòtè méjì. Ó dúró wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan ààbọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nípa ohun kan.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgò àtijọ́ tí ó wà nínú ìkòkò tó tán. Kọ̀yà mú ìgò kan wálé láti inú agolo. Ó ti dì gbagidi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ mú un títí ó fi yọ́. Òògùn náà máa ń funfun bí omi ẹ̀kọ tí ó ṣàn, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé kí ó máa yí ìgò láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi dọ́gba. Lọ́tẹ̀ yìí, horo wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ tí kò fẹ́ pò. Ó yí i títí apá fi ń ro ó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: òògùn pẹ́ kí ó tó pò. Lẹ́yìn náà ni ó fún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, omi búlúù di àwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ kẹta, ó di yẹ́lò. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó pọ́n bíi bíríkì.

Kọ̀yà tún un sè. Ó pọ́n. Ó fọ ìgò, ó fi omi híhó ṣàn án, ó tún un sè. Ó pọ́n. Ó pe Morádéún wá sí iwájú sítóòfù.

"Kí lo jẹ?"

"Ẹ̀wà tí Màámi fún mi ni, Bàbá."

"Lẹ́yìn ẹ̀wà ńkọ́?"

"N kò jẹ nǹkan kan mọ́."

"Àwọn tó ń ta súìtì bábá dúdú lẹ́nu ọ̀nà sùkúù yín, ṣé wọn kò tà mọ́ ni?"

"Wọ́n ń tà á, Bàbá. N kì í dúró níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì títì ni mo máa ń gbà."

Kọ̀yà gbóòórùn ìka ọmọ náà, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà na ọwọ́ fún un, ó sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ayàlégbé tí wọ́n ń kọjá lọ bu omi ń wò wọ́n. Harriet, tí ó ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ará àdúgbò, dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Bàbá Morádéún, ọmọdébìnrin ni, ìta gbangba sì nìyí."

"Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, Harriet. Wá wò ó. Ṣé èmi ni mo pọ́n ọn?"

Abẹ́rẹ́ ń wọlé láràárọ̀. Òògùn wà ní ibi tútù. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Kọ̀yà ṣí ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí ibi tí òun ti ṣì í. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé ni ohun tí ọmọ náà ń ṣe nígbà tí òun kò bá sí nílé. Ó sọ pé kí Harriet gé oúnjẹ rẹ̀ sí ìdajì. Omi òògùn pọ́n síbẹ̀. Ó gé e sí ìdá mẹ́rin. Morádéún ń mu omi bí ẹni tí iná ń jó nínú rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín yàrá àti ilé ìtọ̀, egungun èjìká rẹ̀ sì ń yọ sókè lábẹ́ aṣọ. Ọjọ́rú tí dókítà ń gbàlejò ku ọjọ́ mẹ́rin. Kọ̀yà kò láyà láti fi kún òògùn láìgbàṣẹ, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé òògùn tí ó pọ̀ jù lè pa ọmọ lójú oorun.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ náà kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ̀yà tẹrí ba lé e lórí, ó gbọ́ òórùn kan láti ẹnu rẹ̀, òórùn dídùn, bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó ti pọ́n kọjá ààlà. Ó dìde dúró.

"Morádéún. Òórùn kí lèyí?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Ẹnu rẹ ń rùn dídùn. Lójú mi báyìí. Ọjọ́ kẹta rèé tí a kò fún ọ ní nǹkan gidi jẹ, ẹnu rẹ sì ń rùn bí ẹnu ẹni tó jẹ àjẹkì. Ta ló ń fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń fún mi, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló ń fún ọ?"

Morádéún yíjú sí ògiri. Kọ̀yà sọ fún Harriet pé kò gbọdọ̀ fún un ní oúnjẹ kankan títí di ọjọ́ kejì, kí ṣúgà náà lè tán lára rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bì, ó sì tún bì títí kò fi sí ohun tí yóò bì mọ́. Ó wá ń mí sókè sódò, mímí jíjìn, bí ẹni tí ó sáré láti Kírìkírì wá. Nígbà tí Harriet pè é, kò dáhùn. Kọ̀yà sáré lọ pe Sàídù, Sàídù sì gba ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi ń kó ẹja láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Harriet jókòó sẹ́yìn láàárín páálí òfìfo, orí ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Wọ́n ti so omi mọ́ ọn lápá, wọ́n sì ti fún un lábẹ́rẹ́ mìíràn láti inú fíríìjì ọsibítù, kí Dókítà Anayo tó jáde wá bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Morádéún, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣìṣe. Ọjọ́ mélòó ni kò ti gba abẹ́rẹ́?"

"Kò pa ọjọ́ kan jẹ, sà. Ó wà nínú ìwé." Ó na ìwé náà sí i. Dókítà ṣí i, ó kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ sì rú.

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Mo dá a dúró, sà. Ìtọ̀ ń pọ́n, mo wá dín in kù. Ó tún pọ́n, mo wá dá a dúró pátápátá. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń rùn dídùn. Mo ní ó ń jí nǹkan jẹ."

"Kò jí nǹkan jẹ." Dókítà pa ìwé náà dé. "Òórùn yẹn, ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó ń jó. Ara rẹ̀ kò rí ṣúgà lò, ó wá ń jẹ ara rẹ̀. Ṣúgà inú ìtọ̀ rẹ̀ kò sì ti ẹnu ọ̀nà sùkúù wá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń tú u jáde. Ṣé ẹ rántí yàrá kejì? Bí ohùn yàrá kìíní kò bá dé, á máa ké. Bí ẹ bá sì febi pa á, yóò tún ké sí i ni."

"Ẹ ní kò dá yín lójú, sà," ni Kọ̀yà wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "N kò kọ ọ́."

Dókítà tún ṣí ìwé náà. "Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń wọlé. Ó yẹ kí ohùn náà dé. Níbo ni ẹ ń tọ́jú òògùn sí?"

"Ibi tó dára jù lọ ni, sà," ni Kọ̀yà wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó nàró. "Yàrá yìnyín ilé iṣẹ́ wa ní Àpápá. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án."

"Yàrá yìnyín. Ṣé ó dì?"

"Ó dì gan-an, sà. Bí òkúta."

Sàídù, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni ó kọ́kọ́ ka ojú dókítà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Bí ó bá ti dì, ó ti kú nìyẹn," ni dókítà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bí ó tilẹ̀ yọ́, kò ní agbára mọ́. Ibi tútù ni, kì í ṣe ibi tí omi ti ń dì. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún yín."

Kọ̀yà gba ìwé rẹ̀ padà. Ó ṣí ojú ewé tí ó kọ *ibi tútù* sí, ó wò ó. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni ó kọ ọ́.

Ọjọ́ méjì ni Morádéún fi dùbúlẹ̀ tí kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kọ̀yà jókòó sórí àga onígi, kò lọ sí ibi iṣẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Wọn kò ní kí ó se ìtọ̀, wọn kò ní kí ó wọn òògùn. Nọ́ọ̀sì ń wọlé, ń jáde. Harriet ń gbàdúrà láìjẹ́ kí ètè rẹ̀ dúró, kò sì bá ọkọ rẹ̀ wí. Ì bá sàn fún un bí ó bá bá a wí. Kọ̀yà ń tún ohun kan ṣoṣo tò nínú ara rẹ̀, bí yóò ti sọ ọ́ fún ọmọ náà bí ó bá jí. Ó tò ó, ó tú u, ó tún un tò, kí ó má bàa sí ọ̀rọ̀ kan tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Morádéún la ojú. Ó wo òkè, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó.

"Bàbá," ni ó wí. "Mo jẹ ẹ́."

"Kí lo jẹ?"

"Bábá dúdú. Ẹ má bínú."

Gbogbo ohun tí Kọ̀yà ti tò fò lọ kúrò lórí rẹ̀. "O kò jẹ ẹ́, Morádéún. Òògùn ni ó kú. Èmi ni mo gbé e síbi tí kò yẹ, yìnyín sì pa á. O kò ṣe ohunkóhun. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà wò ó bí a ti ń wo àgbàlagbà tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tanni. "Mo jẹ ẹ́, Bàbá. N kò ní jẹ ẹ́ mọ́."

"O kò jẹ ẹ́!"

"Ẹ má pariwo mọ́ ọn," ni Harriet wí.

Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún un sọ. Ó bẹ dókítà, nígbà tí ó wọlé, pé kí ó bá òun sọ ọ́, dókítà sì jókòó sí etí ibùsùn, ó ṣàlàyé yàrá kìíní àti yàrá kejì fún un, ó sọ pé bàbá rẹ̀ kò mọ̀, pé Morádéún náà kò sì jẹ̀bi ohunkóhun. Morádéún ń mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ó ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," bí ó ti máa ń dá tíṣà lóhùn nípa ohun tí kò yé e.

Dókítà ní kò sí ewu mọ́ fún ti òní. Ó ní fún àwọn ọjọ́ tí ń bọ̀, òògùn tí ó kù nínú fíríìjì kò pọ̀, ọkọ̀ kò sì tíì gúnlẹ̀. Ó jáde lọ bá àwọn mìíràn.

Kọ̀yà jókòó. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń wo ìka rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ó jẹ bábá dúdú kan rí lọ́jọ́ kan ní ẹnu ọ̀nà sùkúù, tàbí kò jẹ ẹ́ rí. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ ọ́ fún un mọ́, nítorí ọmọ náà ti jẹ́wọ́.

"Bàbá," ni Morádéún wí, "ṣé mo lè mu omi?"

Ó la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ife omi wà lórí tábìlì, àrọ́wọ́tó rẹ̀ ni. Ó wo ife náà, ó wo ìgò omi tí ń kán sí apá rẹ̀, ó sì rí i pé òun kò mọ̀. Ó dìde, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wá ẹni tí òun yóò bi.